Ta Ni Yóò Ṣe Agbẹjọ́rò fún Òkun Wa?

Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Òwe yìí bá ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí mu gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òde Ifẹ̀ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn òfin òkun ni: bí aráyé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin dáàbò bo omi ńlá tó yí ilẹ̀ ká, àti ipa tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin kó nínú rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ní àkókò tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn wà ní ìsinmi.

Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún, ìgbà ooru ni ní ilẹ̀ Yúróòpù, nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ní àkókò yìí ni àwọn yunifásítì wọn máa ń ti ìlẹ̀kùn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin sì máa ń wá ibi tí wọn yóò ti kọ́ iṣẹ́ díẹ̀ kún ohun tí wọ́n kà nínú ìwé. Ọ̀pọ̀ wọn ń lọ sí ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò tàbí ilé-ẹjọ́ ìlú wọn. Àwọn díẹ̀ ń gba Hamburg lọ ní ilẹ̀ Jámánì, tàbí erékùṣù Rhodes ní ilẹ̀ Gíríìsì, tàbí The Hague ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Ohun tí wọ́n ń lọ kọ́ ni òfin tó sọ ẹni tó ni ẹja inú ibú, ẹni tí yóò nu epo tó dà sójú omi, àti ohun tí orílẹ̀-èdè kan lè bèèrè lọ́wọ́ òmíràn nígbà tí òkun bá ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa, kí ó dé Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sétí òkun, òkìkí rẹ̀ sì kàn nítorí iṣẹ́ ọwọ́ àti ìgbé-ayé àjùmọ̀ní àwọn ará ibẹ̀. Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀ lọ, ó gbé ilé-ẹ̀kọ́, ó gbé òpópónà. Ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré nígbà kan ti di ojú omi. Ìyà yìí ní òfin tó kàn án. Ìtàn sì fi yé wa pé òfin bẹ́ẹ̀ kì í jábọ́ láti ọ̀run: àwọn tó lọ kọ́ ọ, tí ẹnì kan gbọ́ bùkátà wọn kí wọ́n lè kọ́ ọ, ni wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè tó wà lọ́rùn wa ni ẹni tí yóò gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ tiwa.

Agbẹjọ́rò ọmọ ọdún mọ́kànlélógún

Ní oṣù Kejì ọdún 1603, àwọn ọkọ̀ ojú omi láti ilẹ̀ Nẹ́dálándì kọlu ọkọ̀ Potogí kan tó ń jẹ́ Santa Catarina nítòsí ibi tí Singapore wà lónìí, wọ́n sì kó o pẹ̀lú gbogbo ẹrù inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ta ẹrù náà ní Amsterdam, owó ńlá gbáà ni wọ́n rí. Àwọn Potogí ní olè ni wọ́n jà. Àwọn kan nínú àwọn oníṣòwò Nẹ́dálándì pàápàá ní irú owó bẹ́ẹ̀ kò mọ́. Ilé-iṣẹ́ oníṣòwò tí ọ̀rọ̀ náà kàn wá agbẹjọ́rò tí yóò kọ̀wé gbè wọ́n lẹ́yìn. Hugo Grotius ni wọ́n rí. Kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.

Ìwé ńlá ni Grotius kọ, ṣùgbọ́n orí kan péré nínú rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1609, tí wọ́n fún ní àkọlé Látìnì, Mare Liberum, èyí tó túmọ̀ sí òkun tó wà lómìnira. Àlàyé rẹ̀ ni pé òkun dà bí afẹ́fẹ́: kò ṣeé fi ọgbà yí ká, ìlò rẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ì báà ṣe fún ìrìn-àjò tàbí fún ẹja pípa. Àwọn kan ta kò ó. John Selden, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní ọdún 1635 pé ọba lè ní òkun bí ó ti ní ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Grotius ló borí. Bí àkókò ti ń lọ, àwọn orílẹ̀-èdè gbà pé ìwọ̀n ibi tí ọta ìbọn ńlá etíkun lè dé, nǹkan bíi máìlì mẹ́ta, ni ti ẹni tó ni ilẹ̀. Gbogbo èyí tó kù di ti ẹni tó bá lágbára láti dé ibẹ̀.

Òmìnira yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ó ṣe fún àwọn ènìyàn wa. Ní ọdún 1817, adájọ́ kan ní London gbọ́ ẹjọ́ Le Louis, ọkọ̀ òwò ẹrú ti ilẹ̀ Faransé, tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Adájọ́ náà ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ̀tọ́ láti dá ọkọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn dúró kí wọ́n sì tú inú rẹ̀ wò lórí agbami ní àkókò àlàáfíà. Òkun kò ní olúwa, nítorí náà kò sí ẹni tó lè ṣe ọlọ́pàá rẹ̀. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé ẹjọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ogun abẹ́lé kó ni wọ́n gba orí òkun kan náà dé Bahia àti Havana nínú ìdè. Bẹ́ẹ̀ ni òfin tí ọ̀dọ́ kan kọ nítorí èrè oníṣòwò ṣe wúwo lórí àwọn tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

Láti Malta dé Èkó

Ó tó ọ̀ọ́dúnrún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọ̀rọ̀ tó yí padà. Nígbà tó fi máa di àárín ọ̀rúndún ogún, ọkọ̀ apẹja ti di ọkọ̀ ẹlẹ́rọ ńlá tó lè kó ẹja tọ́ọ̀nù tọ́ọ̀nù, wọ́n sì ti ń wa epo rọ̀bì nínú òkun. Ní ọdún 1945, Ààrẹ Truman ti Amẹ́ríkà kéde pé ohun àlùmọ́ọ́nì abẹ́ òkun tó so mọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà wà lábẹ́ àṣẹ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1967, Arvid Pardo, aṣojú erékùṣù kékeré Malta, dìde ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó sì bẹ ayé pé kí wọ́n ka ìsàlẹ̀ òkun tó wà lẹ́yìn ààlà gbogbo orílẹ̀-èdè sí ogún àjùmọ̀ní gbogbo ènìyàn, kí alágbára má baà dá a jẹ.

Apá tó tẹ̀lé e nínú ìtàn yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1972, àwọn amòfin láti ilẹ̀ Éṣíà àti Áfíríkà péjọ sí ìlú Èkó fún ìpàdé ìgbìmọ̀ ìdámọ̀ràn òfin tí wọ́n jọ ní. Níbẹ̀ ni àwọn aṣojú Kẹ́ńyà ti gbé ìwé kan kalẹ̀ tí ó ní kí orílẹ̀-èdè etíkun kọ̀ọ̀kan ní ẹkùn ọrọ̀-ajé nínú òkun, ẹkùn tí òun nìkan yóò ní àṣẹ lórí ẹja àti ohun àlùmọ́ọ́nì inú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ gbogbo ayé ṣì lè gbà kọjá. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tún jíròrò lórí rẹ̀ ní Yaoundé, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Èrò náà dé àpérò ńlá tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973. Ìjókòó kejì àpérò náà, tó wáyé ní Caracas láti ogúnjọ́ oṣù Kẹfà sí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ ọdún 1974, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn gidi.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá ọdún 1982, wọ́n fi ọwọ́ sí Àdéhùn Òfin Òkun ní Montego Bay, ní ilẹ̀ Jàmáíkà. Nàìjíríà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní ọdún 1986. Àdéhùn náà fún orílẹ̀-èdè etíkun ní máìlì òkun 12 gẹ́gẹ́ bí omi tirẹ̀ gan-an, ó sì fún un ní ẹkùn ọrọ̀-ajé tó dé máìlì 200. Nàìjíríà kò dúró dè é: òfin tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1978 ti kéde ẹkùn máìlì 200 náà fún wa. Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni apá kejìlá àdéhùn náà, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn kúkúrú kan nínú abala 192: ojúṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ni láti dáàbò bo òkun àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Òkun tí Grotius sọ pé kò lólúwa ti wá ní àwọn alágbàtọ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi

Òfin tó gùn tó 320 abala kò lè ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó nílò àwọn tó mọ̀ ọ́n, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò sì pọ̀. Ọ̀nà tí aráyé gbà wá ojútùú sí èyí ni kí wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ amòfin jọ nígbà ìsinmi.

Àṣà náà ti wà tipẹ́. Láti ọdún 1923 ni Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin Àgbáyé ní The Hague ti ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ nígbà ooru sínú Ààfin Àlàáfíà, ilé kan náà tí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ń jókòó sí lónìí. Ọmọ Èkó kan, Taslim Olawale Elias, wà lára àwọn tó ti kọ́ni níbẹ̀. Elias, tí wọ́n bí ní ọdún 1914, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú òfin ní Yunifásítì London ní ọdún 1949. Ó di adájọ́ ní Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní ọdún 1976, ó sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ láti ọdún 1982 sí 1985, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ní oṣù Kejì ọdún 1982, nígbà tí ilé-ẹjọ́ náà dá ẹjọ́ ààlà abẹ́ òkun láàrin Tunisia àti Libya, Elias ló jókòó gẹ́gẹ́ bí adelé ààrẹ. Bí ọmọ Yorùbá bá ń rò pé òfin òkun kì í ṣe ọ̀nà tirẹ̀, kí ó rántí ọkùnrin yìí.

Lẹ́yìn tí ayé ti mọ̀ pé àdéhùn ńlá ń bọ̀, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó dá lé òkun nìkan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Elisabeth Mann Borgese, obìnrin kan tí kì í ṣe agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n tó fẹ́ràn òkun ju ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò lọ, dá ilé-ẹ̀kọ́ òkun sílẹ̀ ní Malta ní ọdún 1972. Láti ọdún 1981 ni ó ti ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà jọ sí Yunifásítì Dalhousie ní ilẹ̀ Kánádà nígbà ooru, kí wọ́n lè mọ ohun tí àdéhùn náà fún wọn. Ní ọdún 1988, ilé-ẹ̀kọ́ òfin ọkọ̀ ojú omi gbérasọ ní Malta lábẹ́ àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi. Ní ọdún 1995, Rhodes ní ilẹ̀ Gíríìsì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní oṣù Keje. Nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé fún Òfin Òkun ṣí ìlẹ̀kùn ní Hamburg ní oṣù Kẹwàá ọdún 1996, Thomas Mensah, ọmọ Gánà, ni wọ́n fi ṣe ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ilé-ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọ̀dọ́ fún ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́ta, àwọn kan láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án. Láti ọdún 2007 sì ni ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́rin ti ń wáyé nínú ọgbà ilé-ẹjọ́ náà nígbà ooru.

Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Wọ́n ń ka ẹjọ́ tó ti kọjá, wọ́n ń wo àwòrán ilẹ̀ àti ti òkun, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń fa ààlà láàrin orílẹ̀-èdè méjì tí etíkun wọn kọjú síra. Wọ́n ń ṣe ẹjọ́ àfidánrawò, apá kan ń rojọ́ fún ẹni tó ni ọkọ̀, apá kejì fún ẹni tó ni etíkun. Àwọn tó wà níbi ìkọ́ṣẹ́ ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ wá ìwé, wọ́n ń ṣe ìwádìí. Ẹni tó jókòó tì ọ́ níbẹ̀ lè di ẹni tí yóò jókòó lódìkejì tábìlì ní ogún ọdún sí i, tí ẹ ó jọ máa dúnàá dúrà lórí ẹja.

Pàǹtírí Kókó

Ṣé a wá gbọ́dọ̀ gba oyè kí a tó lè gba òkun sílẹ̀? Ìtàn tiwa ní rárá. Ní ọdún 1988, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní ilẹ̀ Ítálì fi tó àwọn oníròyìn nílé létí pé wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó pàǹtírí olóró láti Ítálì wá sí èbúté Kókó, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta òde òní. Àwọn oníròyìn dé ibẹ̀, wọ́n bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá tí wọ́n tò sí àgbàlá ẹni tí wọ́n ń san owó háyà fún, tí kò mọ ohun tó wà nínú wọn. Ariwo sọ. Wọ́n kó ìdọ̀tí náà padà sínú ọkọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà, Karin B, rìn káàkiri etíkun Yúróòpù nígbà tí èbúté lẹ́yìn èbúté ń lé e.

Kí ọdún náà tó parí, Nàìjíríà ti ṣe òfin tó sọ kíkó pàǹtírí olóró wọ̀lú di ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n gbére, ó sì ti dá àjọ ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ fún ìdáàbòbò àyíká. Ní ọdún 1989, ayé fẹnu kò lórí Àdéhùn Basel nípa gbígbé pàǹtírí olóró kọjá ààlà. Ní ọdún 1991, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe tiwọn ní Bamako, èyí tó le ju ti Basel lọ, nítorí ó ka kíkó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ wá sí Áfíríkà sí ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lajú sí ohun tó ń lọ ní èbúté ìlú tí wọ́n wà ni wọ́n ta wá jí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ẹjọ́ tó dé bá wa

Ariwo nìkan kò tó níwájú adájọ́. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí ilé-ẹjọ́ Hamburg gbọ́ jáde láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1997, àwọn aṣọ́bodè Gínì mú ọkọ̀ Saiga, tó ń ta epo fún àwọn ọkọ̀ apẹja nítòsí etíkun wọn. Saint Vincent, tí ọkọ̀ náà ń ta àsíá rẹ̀, pe Gínì lẹ́jọ́. Ní ọdún 1999 ilé-ẹjọ́ dájọ́ pé Gínì kò ní ẹ̀tọ́ láti fi òfin aṣọ́bodè rẹ̀ múlẹ̀ ní gbogbo ẹkùn ọrọ̀-ajé òkun, ó sì ní kí ó san owó tó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ó kan Nàìjíríà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, àwọn ọmọ ogun ojú omi wa mú ọkọ̀ San Padre Pio, tó ń ta àsíá Switzerland, lórí ọ̀rọ̀ gbígbé epo fún ọkọ̀ mìíràn nínú ẹkùn òkun wa. Switzerland gbé wa lọ sí Hamburg, ní oṣù Keje ọdún 2019 ilé-ẹjọ́ sì pàṣẹ pé kí a tú ọkọ̀ àti àwọn atukọ̀ sílẹ̀ bí wọ́n bá ti fi ìdúró owó mílíọ̀nù mẹ́rìnlá dọ́là lélẹ̀. Nígbẹ̀yìn, orílẹ̀-èdè méjèèjì yanjú rẹ̀ láàrin ara wọn. Ẹ kíyè sí i: ẹkùn ọrọ̀-ajé, èyí tí Áfíríkà fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1972, ni ẹjọ́ méjèèjì dá lé lórí.

Àwọn ìgbà kan wà tí a lọ síbẹ̀ fún ara wa. Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, àjọ tí orílẹ̀-èdè méje láti Mauritania dé Sierra Leone fi ń bójú tó ẹja wọn, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Dakar, bèèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́ Hamburg. Wọ́n ní: bí ọkọ̀ àjèjì bá ń jí ẹja wa kó, kí ni ojúṣe orílẹ̀-èdè tó fún un ní àsíá? Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 2015, ilé-ẹjọ́ dáhùn pé orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ sa gbogbo ipá rẹ̀ láti dá ọkọ̀ tó ń ta àsíá rẹ̀ lẹ́kun, bí kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀. Gbogbo apẹja etíkun Áfíríkà ló ni ìdáhùn yẹn, ìbáà ṣe Ìlàjẹ, ìbáà ṣe Ẹ̀gùn Badagry.

Kíláàsì kan ní Port Vila

Ìtàn tó sún mọ́ wa jù ní àkókò ni ti àwọn ọ̀dọ́ Òkun Pàsífíìkì. Ní ọdún 2019, akẹ́kọ̀ọ́ òfin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ní ọgbà yunifásítì tó wà ní Port Vila, olú-ìlú Vanuatu, pinnu pé wọn yóò gbé ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú-ọjọ́ dé Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé. Omi òkun ń ga sí i ní erékùṣù wọn gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe ní Ayétòrò. Wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn olórí ìjọba agbègbè wọn, ìjọba Vanuatu sì gbọ́ wọn. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 2023, Àpéjọ Gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò láìsí alátakò pé kí ilé-ẹjọ́ náà dáhùn ìbéèrè wọn.

Àwọn erékùṣù kéékèèké kan náà ti gba ọ̀nà Hamburg pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ òkun sọ pé èéfín tó ń mú ayé gbóná jẹ́ ìbàjẹ́ òkun lábẹ́ àdéhùn ọdún 1982, nítorí náà ojúṣe orílẹ̀-èdè ni láti dín in kù. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Keje ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ The Hague dáhùn ìbéèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà: orílẹ̀-èdè tó bá kùnà nínú ojúṣe rẹ̀ lórí ojú-ọjọ́ lè jẹ̀bi, a sì lè ní kí ó san ẹ̀san. Ìmọ̀ràn ni ìdáhùn méjèèjì, wọn kì í ṣe ìdájọ́ tó mú ẹnì kan ní pàtó. Síbẹ̀, agbẹjọ́rò gbogbo ayé yóò máa tọ́ka sí wọn. Láti inú kíláàsì kan dé iwájú adájọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọdún mẹ́fà ni.

Owó ọkọ̀ àti físà

Kí ló wá dí ọmọ wa lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ owó ni. Owó ẹ̀kọ́ wà, owó ọkọ̀ òfuurufú wà, owó ilé gbígbé ní Hamburg wà, bẹ́ẹ̀ ni físà wà. Ọ̀pọ̀ ìkọ́ṣẹ́ ìgbà ìsinmi kì í sanwó. Ọmọ tí òbí rẹ̀ lówó lọ́wọ́ nìkan ló lè fi oṣù mẹ́ta ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ìlú òkèèrè. Ìrànwọ́ díẹ̀ wà: láti ọdún 2004, owó láti ilẹ̀ Kòríà ti ń ran àwọn tó wá láti orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà lọ́wọ́ fún ìkọ́ṣẹ́ Hamburg, àwọn ará Japan sì ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́ fún ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ gbọọrọ níbẹ̀ láti ọdún 2007. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Kòríà àti Japan ní ọkọ̀ apẹja tiwọn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tiwọn lórí òkun. Kò yẹ kí ó jẹ́ pé ọwọ́ àlejò nìkan ni a ó máa wò kí ọmọ wa tó mọ òfin etíkun baba rẹ̀.

Àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní London nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní ọdún 1945, ọ̀kan nínú èrò ẹgbẹ́ náà sì ni láti fi owó ran àwọn ọmọ Yorùbá lọ́wọ́ nídìí ẹ̀kọ́ gíga. Ní ayé ìgbà náà, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú a máa dá owó jọ kí ọmọ kan lè lọ kọ́ òfin ní òkèèrè, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìlú yóò dé ilé-ẹjọ́ lọ́jọ́ kan. Ọ̀rọ̀ omi ìlú ti dé ilé-ẹjọ́ báyìí. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní ilé-iṣẹ́ fún ọ̀rọ̀-ajé òkun. Àdéhùn tuntun lórí agbami tó wà lẹ́yìn ààlà gbogbo orílẹ̀-èdè, tí ayé fẹnu kò lé lórí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ti di òfin láti ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní ọdún 2026, odidi apá kan nínú rẹ̀ sì dá lórí kíkọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà ní ìmọ̀. Iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe.

A sì lè bẹ̀rẹ̀ nílé. Àwọn yunifásítì wa tó ní ẹ̀ka òfin létí omi ní Èkó lè lo oṣù méjì ìsinmi láti kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Badagry, sí Ẹ̀pẹ́ àti sí Ìlàjẹ. Òfin ẹja wa ti ya máìlì òkun márùn-ún àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ fún àwọn apẹja oníbàákú, pé kí ọkọ̀ ńlá má wọ àwọ̀n níbẹ̀. Mélòó nínú àwọn apẹja náà ló mọ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ wọn, kí àwọn náà sì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ibi tí etíkun wà nígbà èwe wọn, irú ẹja tó ń wá nígbà náà, ọdún tí omi kọ́kọ́ wọ ìlú. Kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àwòrán. Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá dé, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni adájọ́ máa ń bèèrè.

Nígbà náà ni òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ yóò ṣẹ. Àgbà ọ̀hún mọ òkun, kò mọ òfin. Ọmọdé yìí mọ òfin, kò mọ òkun. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó sí etí omi kan náà nígbà òjò tó ń bọ̀, Ayétòrò yóò ní ẹlẹ́rìí, yóò sì ní agbẹjọ́rò.